Ẹ Bi Bàbá Wolé-Wolé: Ṣalángá Bàbá Wa, Ṣé Ká Wó O Ni àbí Ká Tún Un Ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Wolé-Wolé. Olùkọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì, ṣùgbọ́n Ìkẹ́rẹ́ ni ilé bàbá wa wà, ibẹ̀ ni ìyá wa ń gbé. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 78. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tọkọtaya kan àti ọmọ wọn méjì sì gba yàrá méjì iwájú. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń lo ṣalángá tí Bàbá kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ní 1983.

Yàrá méjì ni ṣalángá náà, orí kòtò kan ṣoṣo ni méjèèjì jókòó sí. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, páànù ló wà lórí. Láti ìgbà òjò èṣí ni ilẹ̀ yàrá ọwọ́ òsì ti sán, Màmá sì ti fi ìṣó kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Bí òjò bá ti ń rọ̀, òórùn á máa wọ ilé ìdáná, eṣinṣin á sì bo gbogbo ibẹ̀. Kànga wa wà láàárín ṣalángá àti ilé. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ 17 ni láti ẹnu ṣalángá. Ṣalángá wà lápá òkè, kànga wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní títí òjò á fi dé, ìsàlẹ̀ kànga la máa ń rí, omi rírà ni wọ́n ń lò.

Ọ̀rọ̀ ti wá di àríyànjiyàn. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní ìtìjú ni ṣalángá láyé òde òní, ká wó o, òun á fowó ránṣẹ́ ká fi ṣe W.C. sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Màmá, lápá ibi tí Bàbá máa ń gbé mọ́tò wọn sí. (Ibẹ̀ ṣófo báyìí, ó lọ sísàlẹ̀, ó sì jìnnà sí kànga dáadáa.) Àbíkẹ́yìn wa tó wà nílé ní kò sẹ́ni tó máa wó o: Bàbá fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ẹ ni, wọ́n fọ́ àpáta kí wọ́n tó rí kòtò náà gbẹ́. Màmá ní tiwọn ní, "Ibi tí mo ti ń jẹun náà lẹ fẹ́ kí n ti máa ṣu?" Bẹ́ẹ̀ orúnkún ń dùn wọ́n, póò ni wọ́n sì ń lò lóru. Kí ni ká ṣe, Bàbá?

Àkọ́bí Obìnrin, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Àkọ́bí, ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní mo ní wọ́n jàre. Ohun tí wọ́n sọ yẹn, àwọn ìyá ti sọ ọ́ sí mi létí láti Ìkọ̀lé dé Ẹ̀fọ̀n nígbà tí mo ṣì ń wọ kákí káàkiri ilé onílé, n kò sì rí èyí tí mo bá jiyàn tí mo borí nínú wọn. Nígbà tí mo wọṣẹ́ ní 1978, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó la ṣì wà. Láti ìgbà yẹn títí wọ́n fi dá Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, a kò fìgbà kan sọ fún onílé pé inú ilé ni kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Kó ṣáà wà, kó mọ́, kó má sì ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Àwọn mẹ́ta ló sọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà yín. Ti Kánádà ń sọ̀rọ̀ ìtìjú, àbíkẹ́yìn ń sọ̀rọ̀ Bàbá, Màmá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kànga. Ìṣísẹ̀ 17 tí ẹ kà yẹn kò lè ju mítà 12 tàbí 13 lọ. Mítà 30 ni wọ́n kọ́ wa pé ó kéré jù láàárín ṣalángá àti kànga tí èèyàn ń mu, ìsàlẹ̀ kànga ni ṣalángá sì yẹ kó wà, kì í ṣe òkè rẹ̀. Tiyín kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ó tún wá lọ jẹ́ Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti gbójú sókè wo Olósùnta, òkè àpáta ńlá ìlú náà, mọ irú ilẹ̀ tí ìlú náà jókòó lé. Ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀, ẹ kò ní gbẹ́ jìnnà kí dígà tó dún lára àpáta. Níbi tí erùpẹ̀ bá ti nípọn, omi ìdọ̀tí tó ń jò láti inú kòtò máa ń rọra gba inú erùpẹ̀ kọjá, kòkòrò àìsàn á máa há sí i lára, ọ̀pọ̀ á sì kú sọ́nà. Àpáta kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tó bá sán ni omi ń gbà, á sáré wọ ibi tó bá fẹ́, kò sì sí ohun tó ń sẹ́ ẹ. Ẹ ní Bàbá fọ́ àpáta kí wọ́n tó rí kòtò gbẹ́. Ìyẹn ni pé inú ibi tó sán gan-an ni kòtò yẹn ń jò sí, láti 1983 títí di òní.

Ẹ má sọ fún mi pé omi kànga náà mọ́ gaara. Omi tó mọ́ gaara lè gbé onígbáméjì, ó lè gbé ibà jẹ̀funjẹ̀fun, kó má sì ní òórùn kankan. Ìgbẹ́ gbuuru tí àwọn ọmọ ayálégbé yẹn bá ń ya, tí wọ́n ń sọ pé eyín ló ń hù, ẹ béèrè wò kí ẹ gbọ́ iye ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún. Láti òní lọ, ẹ máa se omi mímu kó hó yaayaa, kí ẹ tó jẹ́ kó tutù, títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yanjú. Ẹ sì sọ fún àwọn ayálégbé náà. Àwọn ni wọ́n máa ń gbàgbé láti sọ fún.

Nítorí náà, kòtò yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ògiri lè dúró bí àbíkẹ́yìn bá fẹ́, kòtò ni kó sinmi. Pé kí ẹ kàn tún un ṣe lójú kan náà, kí ẹ da dẹ́kìn tuntun lé e lórí, kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà, n kò fara mọ́ ọn.

Kí ó tó dìgbà yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó sán. Màmá gbọ́n bí wọ́n ṣe kan ilẹ̀kùn ọ̀hún pa, àmọ́ kòtò kan náà ló wà lábẹ́ yàrá ọ̀tún. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, ẹ wá dígí kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n. Kí ẹnì kan dúró síta, kó fi dígí náà ta ìtànṣán oòrùn gba ojú ihò wọ inú kòtò. Ìmọ́lẹ̀ yẹn máa ń mọ́ ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ ó rí bí ìgbẹ́ ti ga tó, ẹ ó sì rí bóyá ara kòtò ti ń ya lulẹ̀. Ẹ so dígí kejì mọ́ igi, ẹ tì í bọ ẹnu ihò, ẹ gbé ojú rẹ̀ sókè: abẹ́ dẹ́kìn fúnra rẹ̀ lẹ ó máa wò yẹn. Bí irin inú rẹ̀ bá ti yọ síta tó ti dípẹtà, tàbí tó bá jẹ́ igi ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ tí ikán sì ti dé ibẹ̀, ẹ kan yàrá ọ̀tún náà pa lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ bẹ ilé kejì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi dígí ṣe jù láyé mi nìyẹn, ju kí n wo ojú ara mi lọ. Ẹ má ṣáná láti fi wo inú kòtò o. Gáàsì wà níbẹ̀ tó ń gbiná.

Ó kan W.C. ti Kánádà. N kò bá W.C. ṣọ̀tá, ó wà nílé mi. Omi ni mo fẹ́ bi í. W.C. àtijọ́ ń lo tó lítà 9 lẹ́ẹ̀kan, òmíràn ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tuntun ń lo lítà 6. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹni mẹ́fà wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ti àtijọ́ á gba lítà 216, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́sàn-án. Ti tuntun á gba 144, ó sún mọ́ kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà. Lójoojúmọ́ ni mo wí o. Ní oṣù kejì ọdún, tí ìsàlẹ̀ kànga ti hàn, tí ẹ ń fowó ra omi, ta ló máa pọn ọ́n? Àbúrò yín ò sí nílé. Ọmọ girama yẹn ni, kó tó wẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́.

Mo mọ ilé kan ní Adó, ilé alájà kan tó rẹwà, W.C. mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo débẹ̀. Wọ́n ti ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa, ìyá ilé kó kọ́kọ́rọ́ sí ìdí aṣọ. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ, ọmọkùnrin kékeré kan nawọ́ sí igbó ẹ̀yìn ilé kí ìyá rẹ̀ tó rí àyè pa á lẹ́nu mọ́. Ní 2018 ni ìjọba àpapọ̀ kéde ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó bí ọ̀ràn pàjáwìrì, ní 2019 ni Ààrẹ ìgbà yẹn sì fọwọ́ sí àṣẹ pé bó bá fi máa di 2025, kí yíyàgbẹ́ síta ti dópin ní Nàìjíríà. Nínú ìwé, ilé Adó yẹn kò sí lára àwọn tó ń yàgbẹ́ síta. W.C. mẹ́ta!

Omi nìkan kọ́. Ohun tí W.C. bá gbé jáde, táńkì ìgbẹ́ ló ń lọ, láti ibẹ̀ ni omi rẹ̀ á ti bọ́ sí sọ́kàwéè, ilẹ̀ ni yóò sì mu ún níkẹyìn. Bí ilẹ̀ kò bá mu ún ńkọ́? Bíríkìlà kò ní sọ fún yín. Ẹ gbẹ́ ihò kan tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kó jìn dé ìbàdí, ẹ rọ omi kún un nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn. Bó bá di àárọ̀, ẹ tún rọ ọ́ kún, kí ẹ máa wò ó. Bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú tí omi ṣì wà níbẹ̀, sọ́kàwéè kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ojú ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa hù jáde sí. Ìgbà òjò, bí oṣù kẹsàn-án, ni kí ẹ ṣe ìdánwò yìí. Òùngbẹ ń gbẹ ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí omi tí kò ní mu, á sì tàn yín jẹ.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ohun kan tí kì í ṣe iṣẹ́ mi. Àwa Èkìtì a máa ń dúró di ìgbà tí a bá fẹ́ ṣòkú kí a tó tún ilé ṣe. Mo ti rí ilé tí wọ́n tẹ́ táìsì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìsìnkú ìyá, tó jẹ́ àwọn àlejò tó wá jẹ ìrẹsì ló kọ́kọ́ lò ó. Ìyá ọ̀hún fi póò sábẹ́ ibùsùn títí ó fi kú. Owó tí ti Kánádà fẹ́ fi ránṣẹ́ yẹn, ẹ gbà á ní báyìí tí Màmá lè fi jókòó.

Bó bá jẹ́ èmi, ibi tí Bàbá ń gbé mọ́tò sí ni mo máa lò. Ẹ má ṣe W.C. sínú yàrá kékeré yẹn, ẹ lẹ yàrá tuntun mọ́ ògiri ìta rẹ̀. Kó ní páànù tirẹ̀, kó sì jẹ́ pé ìta ni ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí. Abẹ́ òrùlé tí Màmá ti ń jẹun kọ́ nìyẹn, síbẹ̀ kò jìn sí wọn lóru. Ẹ pín in sí méjì bíi ti tẹ́lẹ̀: ọ̀kan fún Màmá, àwo ìjókòó tó ga díẹ̀, pẹ̀lú irin tí wọ́n dè mọ́ ògiri tí wọ́n lè dì mú dìde, èkejì fún àwọn yòókù, àwo ìlóṣòó. Ẹ má tẹ́ táìsì dídán sílẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ ha lójú ló dára fún ẹsẹ̀ àgbà. Kí gílóòbù oníbátìrì kan wà níbẹ̀.

Àwo ìlóṣòó tí mò ń sọ yìí, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ wọ́lọ́, omi díẹ̀ máa ń jókòó sí ọrùn náà. Omi yẹn ló ń dí òórùn àti eṣinṣin lọ́nà. Igbá omi kan, lítà méjì péré, ti tó láti fi lé ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ti Màmá á gbà tó ìlọ́po méjì rẹ̀, bí ẹ bá ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da á. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn padà: nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì méjì sí mẹ́ta lójúmọ́ fún gbogbo ilé. Omi ìfọṣọ pàápàá ṣeé lò fún un. Ẹ gbé ìṣàn sí eteetí páànù ilé, kí ẹ fi táńkì gba omi òjò. Bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà 10 lórí òrùlé tó fẹ̀ ní mítà oníhà mẹ́rin 80, lítà 800 ló bọ́ sílẹ̀ yẹn.

Kòtò ńkọ́? Ní ilẹ̀ olókùúta, kòtò méjì tí kò jìn sàn ju ẹyọ kan tó jìn lọ. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ róbótó, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan àbọ̀ ní jíjìn, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àyè sì wà láàárín búlọ́ọ̀kù, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má ní sìmẹ́ńtì. Páìpù ojú ihò ìnṣì mẹ́rin ni yóò gbé e láti inú àwo dé àpótí sìmẹ́ńtì kékeré kan, níbẹ̀ ni ọ̀nà ti yà sí méjì. Ẹ dí ẹnu ọ̀nà kan, kí ẹ máa lo kòtò kan. Fún ẹni mẹ́fà, ó lè tó ọdún mẹ́ta kó tó kún. Ẹ wá dí ìyẹn, ẹ ṣí èkejì. Nígbà tí èkejì bá fi máa kún, èyí àkọ́kọ́ á ti di erùpẹ̀, ṣọ́bìrì lẹ ó fi kó o, kò ní rùn. Àwọn ará Íńdíà ló sọ irú rẹ̀ di gbajúmọ̀: àjọ Sulabh, tí Bindeshwar Pathak dá sílẹ̀ ní 1970, ti gbé e dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ nǹkan mẹ́ta kan fún mi lọ́wọ́ púlọ́ńbà. Kí páìpù má gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, torí omi igbá kan kò ní agbára tó lè ti ẹrù jìnnà. Kó máa rẹlẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ní mítà kọ̀ọ̀kan. Kí ìsàlẹ̀ kòtò sì fi mítà kan àbọ̀, ó kéré tán, ga ju ibi tí omi ilẹ̀ ń dé nígbà òjò. Ẹ tún fẹsẹ̀ wọn mítà 30 sí kànga aládùúgbò, kì í ṣe tiyín nìkan. Bí ẹ bá kan àpáta kí kòtò tó jìn, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kòtò ga sókè ju ilẹ̀ lọ, kí ẹ kó erùpẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé ilẹ̀ yàrá náà sókè pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ ṣe ọ̀nà tó rọra gòkè fún Màmá dípò àtẹ̀gùn.

Ohun tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni ohun tí wọ́n fi ń nùdí. Ṣùkù àgbàdo, ìwé ìròyìn, bébà sìmẹ́ńtì, gbogbo ìyẹn á há sí ọrùn àwo. Omi ni kí wọ́n máa lò, tàbí ìwé ìnùdí tó fúyẹ́ tí wọ́n á máa jù sínú agbọ̀n kan kí wọ́n tó sun ún. Ẹ pe ayálégbé jókòó sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé wọn kò ní gbọ́, tàbí pé omi tó kẹ́ẹ̀gì méjì pàápàá máa jẹ́ ìnira ní ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ṣe ṣalángá tuntun sí ibi kan náà, èyí tó ní páìpù atẹ́gùn. Zimbabwe ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín 1970 sí 1980, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n sì ni. Páìpù ìnṣì mẹ́fà, tí ẹ kùn ní dúdú, á jáde láti inú kòtò, á ga ju òrùlé lọ ní ìdajì mítà. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tí kì í dípẹtà bo orí rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ á máa fa òórùn kòtò sókè. Yàrá gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn, ìyẹn ni ọpọlọ rẹ̀ wà: eṣinṣin tó bá wà nínú kòtò, ìmọ́lẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, orí páìpù nìkan ló sì ti rí ìmọ́lẹ̀. Á gòkè lọ bá nẹ́ẹ̀tì, á kú síbẹ̀. Irú ṣalángá yìí kì í ní ìdérí lójú ihò, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Mo ti rí ibi tí wọ́n náwó sí páìpù, tí wọ́n wá fi páákó bo ihò pa, tí wọ́n tún ń bú ẹni tó kọ́ ọ.

Ẹ má dí kòtò àtijọ́ kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tó bá wá tó àkókò, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀, ì báà jẹ́ láti mú fóònù tó bọ́ sí i. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pa èèyàn kíákíá, ẹni tó bá sì fò wọlé láti yọ ẹni àkọ́kọ́ máa ń kú tẹ̀ lé e. Ìta ni kí wọ́n dúró sí fọ́ dẹ́kìn náà, kí wọ́n rọ erùpẹ̀ sí i títí yóò fi ga bí òkìtì, torí ó máa rì. Lẹ́yìn ìgbà òjò méjì, tí kò bá rì mọ́, àbíkẹ́yìn lè fi ilé náà kó igi ìdáná àti ọkọ́ Bàbá sí. Bí ògiri bá wó láàárín ìgbà yẹn, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sójú ibẹ̀, á so dáadáa. Ní ti omi kànga, ẹ máa lò ó fún ìfọṣọ àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa se ti mímu lọ ní tiyín, torí kòtò tí ẹ dí kò ní gbàgbé ibi tó ń jò sí lọ́jọ́ kan.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá, onílé wa máa ń da omi bátìrì mọ́tò àti kẹrosíìnì sínú ṣalángá wa lóṣooṣù. Ó ní ó ń pa òórùn, ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ fà wálẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ayálégbé, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Ó ń fi owó ra jàǹbá ni. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà nínú kòtò tó jẹ́ pé àwọn ló ń jẹ ìgbẹ́ yẹn di erùpẹ̀. Omi bátìrì ń pa wọ́n, lẹ́yìn náà á bọ́ sára sìmẹ́ńtì àti irin dẹ́kìn, á máa jẹ ìyẹn náà. Kòtò á tètè kún, ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ á sì máa fẹ́lẹ́ sí i. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ á wọ ilẹ̀ lọ bá omi kànga, ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì ju ìdí sìgá sí i, ẹ kò ní fẹ́ wà nítòsí.

Eérú lẹ fẹ́. Ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́yìn tí èèyàn bá ṣe tán, á fa omi ara ìgbẹ́ mu, á bò ó lójú eṣinṣin. Àwọn ìyá tó ń yan gàrí àti àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì ń kó o dànù láràárọ̀, ẹ mú garawa lọ bá wọn. Ẹ fi ìdérí onígi tó ní ọwọ́ sójú ihò. Kí ẹnikẹ́ni má da omi ìwẹ̀ sínú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó máa rùn. Izal, ẹ fi díẹ̀ nu ilẹ̀, ẹ má rọ ìgò rẹ̀ sínú kòtò. Ẹ má bá onílé jà o. Ẹ fi eérú tirẹ̀ lọ̀ ọ́ fún oṣù kan, òun fúnra rẹ̀ á gbọ́ ìyàtọ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ìyá ọkọ mi ní ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí, orí àkìtàn ni wọ́n ń dà á sí. Mi ò fẹ́ ṣe bí ẹni tó ń tàpá sí wọn.

Ìyàwó Ilé, Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Ìyàwó wa, ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ lè gbé kòkòrò àìsàn tó pọ̀ ju ti àgbà lọ, torí ìgbà èwe ni aràn àti ìgbẹ́ gbuuru ń mú èèyàn jù. Ẹni tó bá ṣu sọ́nà, bó bá ń bọ̀ á bá eṣinṣin. Àkìtàn ẹ̀yìn ilé kò sì jìnnà sí abọ́ ọbẹ̀. Ẹ má bá Ìyá ṣàríyànjiyàn. Ẹ ṣáà máa tètè jí, kí ẹ máa gbé póò náà kí wọ́n tó gbé e. Inú ṣalángá ni kí ẹ dà á sí, kí ẹ fi omi díẹ̀ ṣàn póò, kí omi náà tún lọ síbẹ̀, kì í ṣe sí gọ́tà. Bó bá jẹ́ páńpá lẹ fi sí i, ẹ gbọn ohun inú rẹ̀ sínú ṣalángá, kí ẹ sì dì í pa dáadáa kí ẹ tó jù ú sí ibi tí wọ́n ti ń kó ilẹ̀. Páńpá kò gbọdọ̀ wọ kòtò, kì í jẹrà. Kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín àti ìdí ọmọ, kí ẹ tó kan ògì rẹ̀.